Ìbéèrè Yín Lórí Owó: Ìdàpọ̀ Kọ́ìnì Bitcoin àti Àṣírí Àpò Ẹni

Ìbéèrè: Iṣẹ́ yíyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, àwọn oníbàárà mi tó wà lókè òkun sì máa ń fi Bitcoin sanwó fún mi. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn ní kí n dín owó iṣẹ́ kù, nítorí òun ti rí i pé owó ńlá wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bi í léèrè bó ṣe mọ̀, ó ní àdírẹ́sì tí mo fi ránṣẹ́ sí òun ni òun fi wò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n da kọ́ìnì mi pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn kí ojú má baà tó o mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdàpọ̀ yìí, ṣé òun ni mo sì nílò? — Ayàwòrán, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ohun tí oníbàárà yín ṣe kò gba agbára kankan. Gbogbo owó Bitcoin tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ni a kọ sínú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé lè kà, èyí tí à ń pè ní blockchain. Iye owó wà níbẹ̀, àkókò wà níbẹ̀, àdírẹ́sì (ìyẹn ìlà lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń gba owó) tó san án àti èyí tó gbà á wà níbẹ̀. Orúkọ nìkan ni kò sí. Ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá ti fún ẹnì kan ní àdírẹ́sì yín kó lè sanwó fún yín, ẹni náà ti mọ orúkọ tó yẹ kó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá sì ń lo àdírẹ́sì kan náà fún gbogbo oníbàárà, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń rí ohun tí àwọn yòókù ń san.

Satoshi Nakamoto tó dá Bitcoin sílẹ̀ kò fi èyí pa mọ́. Nínú ìwé tó fi ṣàlàyé ètò náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ó ní kí á máa lo kọ́kọ́rọ́ tuntun, tí í ṣe àdírẹ́sì tuntun, fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan, ó sì kìlọ̀ pé bí a bá kó kọ́ìnì tó wà ní àdírẹ́sì oríṣiríṣi jọ láti fi san owó kan ṣoṣo, ẹni tó ń wò yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Orí ìkìlọ̀ kejì yìí ni àwọn iléeṣẹ́ tí ń tọpinpin owó, irú bíi Chainalysis tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, gbé apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn kà.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni ṣéńjì. Ká ní oníbàárà kan san 0.03 Bitcoin fún yín, tí ẹ sì fẹ́ fi 0.004 ra ohun èlò iṣẹ́. Ètò náà kì í bu díẹ̀ nínú kọ́ìnì kan kó fi ìyókù sílẹ̀ síbi tó wà. Ńṣe ni yóò ná 0.03 náà tán pátápátá, yóò fi 0.004 ránṣẹ́ sí òǹtajà, yóò sì dá ṣéńjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.026 padà sí àdírẹ́sì mìíràn tó jẹ́ ti yín. Òǹtajà yóò rí kọ́ìnì tí ẹ ná, yóò rí ṣéńjì náà, yóò sì lè máa tẹ̀ lé e bó ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìyẹn ni ìdàpọ̀ kọ́ìnì fẹ́ dí lọ́wọ́. Irú méjì ló wà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe méjèèjì ní ọ̀kan náà fún yín. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ kó kọ́ìnì yín fún ẹnì kan tó ní ìkànnì, kí ó dà á mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, kí ó sì fi kọ́ìnì mìíràn san án padà fún yín lẹ́yìn tó bá ti yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. N óò sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn nínú lẹ́tà tó kàn. Ìkejì ni CoinJoin, tí Gregory Maxwell dábàá rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Nínú tirẹ̀, àwọn ènìyàn mélòó kan pawọ́ pọ̀ láti kọ ìsanwó kan ṣoṣo, tí kọ́ìnì olúkúlùkù wọlé sínú rẹ̀, tí iye tó dọ́gba sì jáde sí àdírẹ́sì tuntun olúkúlùkù. Bí ẹni márùn-ún bá fi ẹgbẹ̀rún kan náírà kọ̀ọ̀kan sínú igbá kan, tí wọ́n sì tún mú ẹgbẹ̀rún kan náírà kọ̀ọ̀kan jáde, ẹni tó dúró lókèèrè mọ̀ pé márùn-ún wọlé, márùn-ún sì jáde, ṣùgbọ́n kò lè sọ èwo nínú owó tó jáde ni ti ta. Ìdí nìyí tí iye náà fi gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí ẹni tó bá mú iye tó yàtọ̀ jáde ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ohun tó wù mí jù nínú ìlànà yìí ni pé kò sí ẹni tí owó yín bọ́ sí lọ́wọ́. Wálẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn ètò tí ẹ fi ń tọ́jú kọ́ìnì yín tí ẹ sì fi ń ná an, kò ní buwọ́ lu ìsanwó náà àfi bó bá ti rí i pé ìpín yín pé nínú rẹ̀, bí ẹnì kan ṣoṣo bá sì kọ̀ láti buwọ́ lù ú, gbogbo rẹ̀ di òfo, kọ́ìnì oníkálukú sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan ní láti kó àwọn ènìyàn náà jọ, ẹ̀rọ náà ì bá sì lè mọ àdírẹ́sì tuntun tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe wálẹ́ẹ̀tì Wasabi, tó jáde ní ọdún 2018, dí ihò yìí nípa lílo ìlànà ìbuwọ́lùwé aláìfojúrí tí David Chaum gbé jáde ní ọdún 1982: ẹ̀rọ náà buwọ́ lu àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ ìbòjú, ó sì tún mọ ìbuwọ́lùwé tirẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ìbòjú náà, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tó mú un wá.

Síbẹ̀, ohun tí CoinJoin ń bò mọ níwọ̀n. Àárín àwọn tí ẹ jọ wọ inú ìsanwó náà nìkan ni ẹ ti sá pamọ́. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, ẹni tó ń wò kò ní ju ènìyàn márùn-ún lọ láti fura sí. Ṣéńjì tó bá ṣẹ́ kù kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà orúkọ yín ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá sì tún kó àwọn kọ́ìnì tó ti jáde náà jọ lọ́jọ́ kejì láti fi ra ohun kan, ẹ ti tú gbogbo ohun tí ẹ so. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wo blockchain yóò rí i pé ìsanwó náà jẹ́ CoinJoin, nítorí iye tó dọ́gba ló tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Ó fi ọ̀nà tí owó yín gbà pa mọ́, kò fi pa mọ́ pé ẹ fẹ́ fi nǹkan pa mọ́.

Nítorí náà, n kò rò pé ìdàpọ̀ ni ẹ nílò báyìí. Ẹ jẹ́ kí wálẹ́ẹ̀tì yín máa ṣe àdírẹ́sì tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọ̀pọ̀ wálẹ́ẹ̀tì ń ṣe fúnra wọn bí ẹ kò bá dí wọn lọ́wọ́. Ẹ lo wálẹ́ẹ̀tì tó gbà yín láyè láti yan kọ́ìnì tí ẹ fẹ́ ná, bíi Sparrow, kí ẹ sì kọ ibi tí kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan ti wá sí ara rẹ̀, kí kọ́ìnì tó wà ní àdírẹ́sì àtijọ́ tí gbogbo wọn ti mọ̀ má baà pàdé èyí tuntun nínú ìsanwó kan náà. Fún owó kéékèèké, ẹ lè gbà á lórí Lightning, ọ̀nà ìsanwó kan tí wọ́n kọ́ lé orí Bitcoin, nítorí a kì í kọ ìsanwó Lightning kọ̀ọ̀kan sínú blockchain. Kí ẹ sì rántí pé wálẹ́ẹ̀tì orí fóònù sábà máa ń béèrè iye owó yín lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà sì lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ gbogbo àdírẹ́sì yín. Bí apá yín bá ká a, kí ẹ so wálẹ́ẹ̀tì náà mọ́ kọ̀ǹpútà tiyín tó ń tọ́jú ẹ̀dà blockchain ló dára jù.

Ìbéèrè: Mo rí ìkànnì kan tó ní òun yóò fọ kọ́ìnì mi mọ́ tónítóní, pé òun kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ kankan, àti pé owó iṣẹ́ òun kò pọ̀. Owó tí mo fi ọdún púpọ̀ kó jọ ni, kì í ṣe owó olè. Ṣé kí n gbà wọ́n gbọ́? — Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Kò sí ohun tó lè dá ẹni tó ni irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ dúró láti gbé owó yín sá lọ, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ẹ óò ti pè é lẹ́jọ́, nítorí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìlérí pé òun kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ kò sì ṣeé yẹ̀ wò láti ìta. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ FIOD, àjọ tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn owó ní orílẹ̀-èdè Netherlands, àti Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, gba ìkànnì Bestmixer, wọ́n sì kéde pé àwọn ti kó àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ṣe níbẹ̀ láàárín ọdún kan, títí kan àdírẹ́sì Bitcoin wọn àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ìkànnì náà sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, Jámánì àti Amẹ́ríkà gba ti ChipMixer. Bitcoin tó lé ní 1,900 ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó tó terabyte 7. Ẹni tó fi owó tó mọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò yàtọ̀ lójú àwọn agbófinró sí ẹni tó fi owó olè síbẹ̀.

Àwọn tó ń dá irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pàápàá kò yè bọ́. Larry Harmon, ará Ohio tó dá Helix sílẹ̀ ní ọdún 2014, gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Nínú oṣù kan náà ni ilé ẹjọ́ ní Washington rán Roman Sterlingov lẹ́wọ̀n ọdún méjìlá àti oṣù mẹ́fà nítorí Bitcoin Fog, ìkànnì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Ó sẹ́ títí dé òpin pé òun kọ́ ni òun ni ín. Lára ẹ̀rí tí ìjọba kó jọ ni ipa owó tí wọ́n fi ra orúkọ ìkànnì náà ní ọdún 2011, tó ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìdàpọ̀ kò bá lè bo ẹni tó ń ta ìdàpọ̀, ẹ ro ohun tó lè ṣe fún ẹni tó wá rà á.

Níwọ̀n bí owó yín ti jẹ́ owó tó mọ́, ohun ìní tó níye lórí jù fún yín ni ìwé ẹ̀rí bí ẹ ṣe rí i. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ra ilé, báńkì yóò béèrè ibi tó ti wá. Ẹ tọ́jú ìwé ìrajà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ wá.

Ìbéèrè: Oníbàárà kan san owó aṣọ fún mi pẹ̀lú Bitcoin. Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ pàṣípààrọ̀ kí n lè gba náírà, wọ́n dá a dúró, wọ́n ní ó ti gba inú mixer kọjá. Èmi kò mọ ohunkóhun nípa mixer. Kí ni kí n ṣe? — Aránṣọ, Èkó

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mixer ni ìkànnì tàbí ètò tó ń da kọ́ìnì pọ̀, irú èyí tí mo sọ lókè. Ó dùn mí pé ẹni tí kò da nǹkan kan pọ̀ ló ń jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ náà ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń wo ìtàn kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, tó sì ń fún un ní máàkì ewu. Bí àmì CoinJoin tàbí ti ìkànnì tí ìjọba ti fòfin dè bá wà nínú ìtàn náà, ètò náà yóò ké gbàjarè. Òfin ilẹ̀ wa tí a ṣe ní ọdún 2022 lórí ìdènà fífọ owó ka àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí mọ́ iléeṣẹ́ ìnáwó, nítorí náà ó di dandan fún wọn láti wádìí.

Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lọ́jọ́ òní, kí ẹ sì fi gbogbo ẹ̀rí ti i lẹ́yìn: ìwé owó aṣọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti oníbàárà jọ sọ lórí WhatsApp, ẹ̀rí pé ẹ fi aṣọ ránṣẹ́, àti nọ́ńbà ìsanwó náà lórí blockchain. Ẹ sọ òtítọ́ pé ẹ kò mọ ohun tí oníbàárà ṣe ṣáájú. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ènìyàn ni ó ṣe ìpinnu náà tàbí ẹ̀rọ nìkan, nítorí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ènìyàn yẹ ìpinnu tí ẹ̀rọ dá ṣe wò. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní ilẹ̀ wa, fọwọ́ sí ni, bí irú Quidax àti Busha tó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ẹ lè mú ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ SEC. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni pé kí ẹ fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò gba irú owó bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn, nítorí nígbà náà ni ohun tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ka àpilẹ̀kọ yín tẹ́lẹ̀ lórí Bitcoin, ẹ sì sọ níbẹ̀ pé àṣírí owó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni. Èmi kò gbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kò ní ìdí láti sá pamọ́. Àwọn Yahoo-Yahoo ni ẹ ń kọ́ lọ́gbọ́n. Kí ni òfin tilẹ̀ sọ? — Agbẹjọ́rò tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Mo dúpẹ́ fún ìbéèrè yín, Bàbá, mo sì mọ ibi tí ó ti wá. Òótọ́ tí n kò lè fi bò ni pé àwọn ọ̀daràn lo ìdàpọ̀ kọ́ìnì púpọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de Blender, ìkànnì ìdàpọ̀ kọ́ìnì kan, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 nítorí pé àwọn olè orí kọ̀ǹpútà ti North Korea gba ibẹ̀ kó lára owó tí wọ́n jí nínú Axie Infinity, eré orí kọ̀ǹpútà kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ó kan Tornado Cash, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Ethereum, ètò owó orí kọ̀ǹpútà mìíràn tó yàtọ̀ sí Bitcoin.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Tornado Cash jẹ lógún jù. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni, tí kò ṣeé yí padà mọ́, àní fún àwọn tó kọ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Fifth Circuit ti Amẹ́ríkà sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni, nítorí náà òfin tí ìjọba lò kò dé ibẹ̀, ìjọba sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìfòfindè ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kan ní Netherlands ti rán Alexey Pertsev, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, lẹ́wọ̀n oṣù 64 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ (jury) ní New York sì dá Roman Storm, ẹlòmíràn nínú wọn, lẹ́bi ẹ̀sùn kan nínú mẹ́ta ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, tí wọn kò rí ẹnu fi kò lórí méjì yòókù. Àwọn méjì tó dá wálẹ́ẹ̀tì Samourai, tó máa ń da kọ́ìnì pọ̀, sílẹ̀, Keonne Rodriguez àti William Hill, gbà pé àwọn ṣe iṣẹ́ fífi owó ránṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún ọ̀kan, mẹ́rin fún èkejì. Ohùn òfin kò tíì ṣọ̀kan lórí èyí.

Ní ilẹ̀ wa, ohun tí òfin ọdún 2022 ń fìyà jẹ ni kí ènìyàn bo orísun owó tó wá láti inú ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀, yálà ilẹ̀ ló fi bò ó, tàbí ọkọ̀, tàbí kọ́ìnì. Apá 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sì dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè. Kí ènìyàn fi owó rẹ̀ pa mọ́ fún aládùúgbò yàtọ̀ sí kí ó fi pa mọ́ fún agbowó orí, òfin owó orí tuntun tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ka èrè orí kọ́ìnì mọ́ ohun tí a ń san owó orí lé. Ẹni tó bá da kọ́ìnì rẹ̀ pọ̀ ṣì jẹ gbèsè owó orí náà.

Ní ti pé ọwọ́ tó mọ́ kò ní ìdí láti sá pamọ́, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n tako yín. Bí a kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí àlejò máa ka owó fún olówó, pàápàá ní ìlú tí àwọn ajínigbé wà. Ní ọdún 2020, orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé àwọn oníbàárà bí 272,000 ti Ledger, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń tọ́jú kọ́ìnì, tú síta. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, wọ́n jí David Balland, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, gbé ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì gé ìka rẹ̀ kí àwọn agbófinró tó rí i gbà padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí à ń pè ní Feminist Coalition ń gbà gba owó ìrànlọ́wọ́ fún EndSARS dí mọ́ wọn nídìí báńkì, Bitcoin ni wọ́n bọ́ sí, wọ́n sì lo BTCPay Server tó ń ṣe àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ fún olùtọrẹ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ àwọn tó ra oúnjẹ àti oògùn fún àwọn ọ̀dọ́ yẹn mọ́. Wọ́n sì ní ìdí láti má fẹ́ kí ẹnikẹ́ni to orúkọ wọn jọ.

Ìbéèrè: USDT ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ń lò, lórí Tron. Ṣé CoinJoin wà fún un? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Kò sí. CoinJoin ṣeé ṣe nítorí pé Bitcoin jẹ́ kọ́ìnì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. USDT, kọ́ìnì tí wọ́n so mọ́ iye dọ́là, nígbà tó bá wà lórí Tron, tí í ṣe blockchain mìíràn, dà bí àkáǹtì: àdírẹ́sì kan ló ní iye kan, gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sì tò sábẹ́ rẹ̀. Bí o bá lo àdírẹ́sì kan náà láti ìgbà tí o ti wọ yunifásítì, ẹni tó ra dọ́là márùn-ún lọ́wọ́ rẹ lónìí lè ka gbogbo ọdún náà. Tether tó ń ṣe USDT sì ní agbára láti ti àdírẹ́sì pa, wọ́n sì ń lò ó. Ohun tí o lè ṣe ni kí o ya àdírẹ́sì tí o fi ń ṣòwò P2P (ríra àti títà tààrà láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì) sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí o fi ń tọ́jú owó, kí o má sì máa fi owó ránṣẹ́ tààrà láti ọ̀kan sí èkejì, nítorí ìsanwó kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ti so wọ́n pọ̀ títí láé. Kí o sì bi ẹni tó ń rà lọ́wọ́ rẹ bóyá orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báńkì tó fi sanwó jẹ́ tirẹ̀, kí o tó tú USDT sílẹ̀ fún un.